Ọmọ iṣẹ́ yín fẹ́ẹ́ di awakọ̀ rélùwéè? Bó ṣe máa múra fún intafíù rèé

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn ọrọ̀ ajé wa, l'Ékòó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù lójú Malu Road, látorí àwọn tó wà lápá Ajégúnlẹ̀ títí dórí àwọn tó ti wọ Àpápá, ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ẹ́ sọ lónìí. Bó jẹ́ wẹ́dà ni yín, bó jẹ́ mẹkáníìkì, rewáyà tàbí télọ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ní ọmọ iṣẹ́ kan tó ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé òun fẹ́ẹ́ lọọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ojú irin. Ẹlòmíì nínú yín, ọmọ bíbí inú ẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bú u, ẹ má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún wà, ẹ̀yin gan-an lẹ sì lè ràn án lọ́wọ́ jù kó tó jókòó síwájú àwọn tó máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

Rélùwéè kì í ṣe àlejò l'Ékòó. Ọdún 1901 ni wọ́n ti ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, èyí tó wọ èbúté Àpápá náà sì ti pẹ́ níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó wà ládùúgbò lọ. Iṣẹ́ náà dákú dájí fún ọdún púpọ̀, àmọ́ nǹkan ti tún ń yí báyìí. Lọ́jọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 2021, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn tó kìlómítà 157. Lọ́jọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, Blue Line tìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàrin Marina àti Mile 2, kìlómítà 13. Suru-Alaba tó wà lára ibùdó ọkọ̀ ọ̀hún kò jìnnà sáwọn ará Ajégúnlẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, Red Line náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbado dé Oyíngbò, kìlómítà 27. Ẹ má gbàgbé pé lọ́dún 2023 kan náà ni wọ́n ṣàtúnṣe òfin ilẹ̀ wa, tí ọ̀rọ̀ rélùwéè fi kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, táwọn ìpínlẹ̀ náà fi lágbára láti ṣe tiwọn. Gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí ló ń fẹ́ awakọ̀.

Ohun kan tó yẹ kí gbogbo wa fi sọ́kàn ni pé ilé iṣẹ́ tó ń gba awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò wá ẹni tó ti mọ ọkọ̀ ojú irin wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n máa kọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tó máa tẹ̀ lé òfin láago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí ọ̀gá kankan kò sí níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Inú ṣọ́ọ̀bù yín ni irú ìwà bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n ò fi fẹ́ "ṣáápù-ṣáápù"

Awakọ̀ dáńfó tó bá rí èrò lẹ́bàá ọ̀nà á yà bàrá, á tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á sì dúró. Ọkọ̀ ojú irin kò lè yà fún ẹnikẹ́ni. Táyà rẹ̀ jẹ́ irin, ojú ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ irin, ó sì wúwo gan-an. Bó bá ti ń sáré, ó lè rìn tó kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti tẹ bíréèkì kó tó dúró pátápátá. Ìyẹn ni pé bí awakọ̀ bá dúró dìgbà tó bá fojú ara rẹ̀ rí ewu, ó ti pẹ́ jù. Òun ló ní ọ̀rọ̀ àwọn baba wa pé igi gànrangànran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Nítorí náà, iná atọ́nà ni awakọ̀ ojú irin ń wò. Bí iná bá ní kó dúró, dandan ni kó dúró, kódà bí ojú ọ̀nà bá ṣófo débi tí ojú rẹ̀ ríran dé. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ti rí i pé kò séwu níwájú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin, ohun èlò kan tún wà tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tẹ̀ láti fi hàn pé ojú òun là. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ lásìkò, ọkọ̀ á gbà pé ó ti sùn lọ tàbí pé àárẹ̀ ti mú un, á sì dá ara rẹ̀ dúró.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣógúnlẹ̀, n'Íkẹjà, lọ́jọ́ 9, oṣù kẹta, ọdún 2023. Bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gba orí ojú irin kọjá nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta ti dé tòsí. Ọkọ̀ ojú irin náà gbá a. Èèyàn mẹ́fà ló kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ jókòó síwájú ọkọ̀ ojú irin gbọ́dọ̀ mọ ìtàn yìí, kó sì ti ronú lé e lórí, nítorí wọ́n lè bi ẹni tó ń wá iṣẹ́ yìí léèrè ohun tó máa ṣe bí èèyàn bá kó sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Bí ọmọ yín bá wa dáńfó tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá rí, kó má fi eré sísá yangàn ní intafíù. Bó bá ní òun lè dé Oyíngbò láti Boundary ṣáájú gbogbo ọkọ̀ yòókù, ó ti fẹnu ara rẹ̀ kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Kó sọ iye ọdún tó fi wa ọkọ̀ láìgbá ẹnikẹ́ni àti bó ṣe ń yẹ ọkọ̀ wò láàárọ̀ kó tó gbé e jáde.

Ojú, etí àti ohun tó ń mu

Ohun kan tó lè já àwọn ọ̀dọ́ kulẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni àyẹ̀wò ara. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá lè mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé kò lè wa ọkọ̀ tó jẹ́ pé iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ló ń darí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní ìṣòro yìí láìmọ̀, àwọn ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìwé kan tó kún fún àwọn kóróbójo aláwọ̀ oríṣiríṣi, tí dókítà ará Japan kan, Shinobu Ishihara, gbé jáde lọ́dún 1917, ni wọ́n ṣì ń fi yẹ ojú wò káàkiri ayé. Kí ọmọ yín lọ sí ilé ìwòsàn ojú kó tó náwó kankan sórí fọ́ọ̀mù. Owó kékeré ló máa ná an, kò sì ní í fi oṣù mẹ́ta lépa iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ kò lè ṣe. Kó yẹ etí náà wò, pàápàá bó bá ti pẹ́ nídìí jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ tó ń lọ irin.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí láìfi bò. Wọ́n máa ń yẹ ìtọ̀ tàbí èémí wò fún ọtí àti oògùn olóró nínú iṣẹ́ yìí kárí ayé, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á nìkan. Ẹni tó ń fi paraga la ojú láàárọ̀, tàbí tó ń fa igbó nírọ̀lẹ́, kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀. Oògùn ikọ́ àti oògùn ara ríro tó ń múni sùn náà wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè. Kí ọmọ yín mọ orúkọ oògùn tó ń lò, kó sì máa ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Ìdánwò tó ń wo ọpọlọ

Ní Ìlú Ọba, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ìdánwò ọpọlọ ló máa ń ṣáájú intafíù. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ ni wọ́n ń pè ní Bourdon. Wọ́n á fún èèyàn ní ìwé tó kún fún àwọn àmì tó-tò-tó tí wọ́n pín sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́: ọ̀wọ́ mìíì ní mẹ́ta, òmíì ní mẹ́rin, òmíì ní márùn-ún tàbí mẹ́fà. Kéèyàn máa fa ìlà sórí gbogbo èyí tó ní mẹ́rin ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Ọmọ kékeré lè ṣe é fún ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ kéèyàn ṣe é lójú ìwé kan tẹ̀ lé òmíì, kó má fo ọ̀kan, kó má sì pẹ́ jù, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọkàn rẹ̀ á ṣì wà níbi iṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ náà bá ti sú u.

Ìdánwò mìíì wà tó jẹ́ pé wọ́n á ka òfin iṣẹ́ kan sí i létí, tàbí kí wọ́n ní kó kà á fúnra rẹ̀, wọ́n á sì bi í ní ìbéèrè lórí ẹ̀ lẹ́yìn náà. Òmíì tún wà níwájú kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti ń wo bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yá sí nígbà tí àmì bá yọ.

Ẹ lè fi ṣọ́ọ̀bù dá a lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ fún un ní ìwé ìròyìn, kó fi bírò fàlà sábẹ́ gbogbo lẹ́tà "b" tó wà lójú ewé kan, kí ẹlòmíì sì ṣàyẹ̀wò èyí tó fò. Kó ṣe é fún ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí fóònù wà ní pípa. Ẹ ní kó ka ìwé ìlànà tó bá jẹnẹrétọ̀ yín wá, kó pa á dé, kó sì sọ fún yín ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé bí wọ́n ṣe ń tan án àti bí wọ́n ṣe ń pa á.

Intafíù gan-an: "mo" ni kó wí, kó má wí "a"

Àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò fún iṣẹ́ yìí kì í béèrè pé, "Ṣé o máa ń tẹ̀ lé òfin?" Wọ́n mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé, "Sọ ìgbà kan fún wa tó o tẹ̀ lé òfin nígbà táwọn yòókù kò fẹ́ẹ́ tẹ̀ lé e." Ìtàn ni wọ́n fẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ ilé ti máa ń ṣèdíwọ́ fáwọn ọmọ wa. A ti kọ́ wọn pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀, nítorí náà wọ́n á máa sọ pé, "A ṣe é, ọ̀gá wa ló ràn wá lọ́wọ́." Ẹni tó jókòó níwájú wọn kò lè gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù síṣẹ́. Ohun tí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló fẹ́ẹ́ gbọ́. Kì í ṣe ìgbéraga bí ọmọ bá ní, "Mo ṣe é," nígbà tó jẹ́ pé òun ló ṣe é.

Ìtàn tó dáa máa ń ní ẹsẹ̀ mẹ́rin: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ohun tó jẹ́ ojúṣe mi, ohun tí mo ṣe, àti bó ṣe parí. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ ọmọ wẹ́dà kan. Bó bá dáhùn pé, "Mo fẹ́ràn òfin gan-an ni, ọ̀gá mi sì mọ̀ mí sí ọmọ dáadáa," kò tíì sọ nǹkan kan. Àmọ́ ká ní ó dáhùn báyìí: "Kọ́sítọ́mà kan gbé ọ̀pá ẹnu ọ̀nà wá lálẹ́ Sátidé, ó fẹ́ẹ́ gbé e lọ kíá. Èmi ni ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún. Ìgò gáàsì ń jò díẹ̀, mo gbọ́ òórùn ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n ṣáà ṣe é, pé kò ní í pẹ́. Mo ti ìgò náà pa, mo gbé e síta, mo sọ fún kọ́sítọ́mà pé ó di ọ̀la, mo sì pe ọ̀gá. Inú bí kọ́sítọ́mà, ṣùgbọ́n ó padà wá. A pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ìgò náà lọ́jọ́ kejì." Ìdáhùn yìí kò gba ìṣẹ́jú méjì, ó sì sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń wá: ó rí ewu, ó dá iṣẹ́ dúró láìbẹ̀rù owó tó fẹ́ẹ́ lọ, ó sì fi tó ọ̀gá létí.

Kí ọmọ yín wá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mẹ́fà jọ látinú ìgbésí ayé rẹ̀, kó kọ wọ́n sílẹ̀, kó sì máa sọ wọ́n jáde lẹ́nu. Kí ọ̀kan jẹ́ nípa òfin. Kí ọ̀kan jẹ́ nípa iṣẹ́ kan náà tó ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láìjẹ́ kó bàjẹ́. Kí òmíì jẹ́ nípa ìgbà tí nǹkan dàrú lójijì tí kò pariwo, òmíì nípa àṣìṣe tó ṣe tó sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, òmíì nípa kọ́sítọ́mà tínú ń bí, kí ìkẹfà sì jẹ́ nípa iṣẹ́ tó dá ṣe láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Kó má yá ìtàn ẹlòmíì. Wọ́n máa tọpinpin rẹ̀, wọ́n á ní, "Aago mélòó nìgbà yẹn? Ta ló wà níbẹ̀?" Irọ́ kì í ní ẹsẹ̀ tó gùn níwájú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó lè sọ fún ọ̀gá pé ó ṣàṣìṣe?

Ìbéèrè yìí ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Bí ọ̀gá kan bá ní kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ jáde nígbà tí bíréèkì rẹ̀ kò tíì yẹ̀ wò, kí ló máa ṣe? Ọ̀pọ̀ ọmọ á ní àwọn á ṣe ohun tí ọ̀gá bá wí. Ìdáhùn yẹn lè ná an ní iṣẹ́ náà, nítorí àwọn èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ máa pa.

Ọ̀wọ̀ kò ní kéèyàn dákẹ́. Ó lè ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má bínú, òfin ní kí n yẹ bíréèkì wò kí n tó lọ. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò ná." Kò rí wọn fín, kò sì gbọ́jẹ̀gẹ́. Bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kó mọ̀ ọ́n sọ níwájú àwọn àlejò, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin fúnra yín nínú ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ẹ gbá a létí.

Kó mọ ilé iṣẹ́ tó ń lọ

Àìmọye ló máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn wà lábẹ́ Nigerian Railway Corporation, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà l'Ébúté Mẹ́tta. Blue Line àti Red Line wà lábẹ́ LAMATA, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Iná mọ̀nàmọ́ná ló ń gbé Blue Line rìn, díísù ló ń gbé Red Line. Ojú irin àtijọ́ fẹ̀ tó mìlímítà 1,067, tuntun sì fẹ̀ tó 1,435, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ orí ọ̀kan kò fi lè rìn lórí èkejì. Ọmọ tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí ti fi hàn pé òun kò kàn wá iṣẹ́ ìjọba lásán. Kó sì wọ ọkọ̀ náà, kó tó lọ sí intafíù. Kó sanwó, kó wọ̀ ọ́ lọ wọ̀ ọ́ bọ̀, kó wo bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn àti bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ibùdó.

Wọ́n tún lè béèrè bó ṣe máa ń dé ibi iṣẹ́. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ kì í dúró de awakọ̀. Kí ẹni tó ń gbé nítòsí Malu Road ti mọ bó ṣe máa dé Èbúté Mẹ́tta láago mẹ́rin ìdájí, bó ṣe ìgbà òjò ni, bó ṣe ọjọ́ tí tírélà dí ọ̀nà Àpápá pa ni. Bó bá ní òun á lọọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Oyíngbò lọ́jọ́ iṣẹ́ àárọ̀, ìdáhùn gidi nìyẹn.

Ohun tí ẹ̀yin ọ̀gá máa ṣe

Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà. Lẹ́tà tó sọ pé "ọmọ dáadáa ni, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run" kò ṣèrànwọ́ kankan. Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín àti ọjọ́ tó gba fúrídọ̀mù, ẹ kọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, bóyá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ̀, iye ìgbà tó pẹ́ dé, àti ohun kan tó ṣe tẹ́ ẹ rántí. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sí i, kẹ́ ẹ sì gbé e bí wọ́n bá pè.

Èkejì ni ìwé àkọsílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ìwé tí wọ́n ń kọ àkókò ìwọlé sí kò lè jẹ́rìí sí i pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́la. Ẹ̀yin náà á jèrè níbẹ̀, nítorí ẹ máa mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń jẹun lásán.

Ẹ̀kẹta ni owó. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá kóun tó bá ọmọ yín fi orúkọ sílẹ̀, ẹ sá fún un, jìbìtì ló fẹ́ẹ́ lù yín. Kí ọmọ yín rìn dé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ láti béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń gba èèyàn. Owó ọkọ̀ láti Àpápá gba Ìjọra dé Èbúté Mẹ́tta kéré sí owó tí àwọn gbájúẹ̀ máa gbà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pe ọ̀rẹ́ yín méjì tí ọmọ náà kò mọ̀ dáadáa, kí wọ́n jókòó nídìí tábìlì kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó wọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ. Kó kí wọn bó ṣe yẹ, kó jókòó nígbà tí wọ́n bá ní kó jókòó, kó máa wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Bí kò bá gbọ́ ìbéèrè, kó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un sọ, kó má fi ìtìjú dáhùn ohun tí wọn kò béèrè.

Bí alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú bá dé, kó kó ìwé ẹ̀rí WAEC, ìwé ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà NIN, lẹ́tà yín àti ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wọn sínú fáìlì kan. Kó tètè sùn. Ẹ má fún un ní iṣẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, kódà bí kọ́sítọ́mà bá ń pariwo.